Kí ló pa Betamax gan-an? Kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá bàbá mi wà níwájú mi

Àkọ́bí Olùkọ́ kọ:

Ẹ̀yin àgbà tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ àtijọ́, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá.

Bàbá mi papò dà lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ìwé wọn mọ́, mo rí páálí kan lẹ́yìn àwọn ìwé ńlá, kásẹ́ẹ̀tì fídíò mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé VHS ni, irú kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, àfi ìgbà tí mo mú ọ̀kan dání tí mo rí i pé ó kéré sí i. Betamax, irú kásẹ́ẹ̀tì fídíò mìíràn tí Sony ṣe, ni wọ́n kọ sí wọn lára. Méje jẹ́ K-60, mẹ́rin jẹ́ L-500, ìyẹn àmì tó ń sọ bí téèpù inú wọn ṣe gùn tó. Bàbá mi lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì fi bírò kọ ohun tó wà nínú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tó máa ń dagun sápá ọ̀tún. “Sinimá alẹ́ Sátidé, apá 1.” “Sinimá alẹ́ Sátidé, apá 2.” “Ìròyìn.” Ọ̀kan wà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.

Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni èyí tí wọ́n kọ “Àpérò, 1978, apá 1” sí. Amẹ́ríkà ni bàbá mi ti kàwé láti 1976 sí 1979, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ra ẹ̀rọ fídíò náà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń kó kúrò nílé. Ìyá mi ní lọ́dún yẹn, wọ́n pe bàbá mi sí àpérò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, tẹlifíṣàn sì gbé e jáde. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ nílé tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Bàbá mi ò ì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. A ò ní ohùn wọn kankan tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa, orí fóònù ló wà, àìsàn sì ti wọ̀ wọ́n lára kí a tó gbà á.

Mo gbé páálí náà lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń da kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kò tíì yọ ọ̀kan jáde tó fi sọ pé VHS nìkan lòun ń ṣe, pé kí n lọ kó wọn dànù, Betamax ti kú tipẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ohun méjì ni mo fẹ́ mọ̀. Àkọ́kọ́, kí ló pa Betamax? Gbogbo ibi tí mo ti kà nípa rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé òun ló dára ju VHS lọ. Báwo ni èyí tó dára jù ṣe wá di ohun àdànù? Èkejì, ṣé ọ̀nà ṣì wà tí mo lè gbà gbọ́ ohùn bàbá mi?

Sinimá Alẹ́ kọ:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Betamax ló dára jù lóòótọ́. Àwòrán rẹ̀ mọ́, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣeé dì mú, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í ṣe yẹpẹrẹ. Owó pọ́ọ́kú làwọn èèyàn tẹ̀ lé lọ sọ́dọ̀ VHS. Sony náà sì di nǹkan rẹ̀ mọ́ra, kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá a ṣe é. Bí mo ṣe mọ ìtàn náà nìyẹn, inú mi ò sì dùn sí i títí dòní, torí ẹ̀rọ tí mo fẹ́ràn ni.

Ẹ má da kásẹ́ẹ̀tì kankan nù o. Ẹnì kan á wà níbí tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Bàbá Atúnfídíòṣe kọ:

Ọmọ mi, Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá rẹ. Má da ohunkóhun nù. Má sì tíì ki ìkankan nínú wọn bọ ẹ̀rọ kankan títí o fi máa gbọ́ tẹnu mi tán.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi tún ẹ̀rọ fídíò ṣe, Beta àti VHS. Mo mọ inú àwọn méjèèjì ju ìta wọn lọ. Jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ kúnná, torí pé bàbá rẹ fúnra wọn ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sára kásẹ́ẹ̀tì. Apá 1. Apá 2. Ohun tó pa Betamax nìyẹn.

Ọgọ́ta inú K-60 yẹn, ọgọ́ta ìṣẹ́jú ni. Sony gbé Betamax jáde ní Jàpáànì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Kí ọdún náà tó parí, ó ti dé Amẹ́ríkà nínú àpótí ńlá kan tó ní tẹlifíṣàn tirẹ̀ nínú, LV-1901 lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1976 ni SL-7200 tẹ̀ lé e, òun ló dá dúró, tí èèyàn lè so mọ́ tẹlifíṣàn tó ti ní nílé. Bó bá jẹ́ K-60 ló pọ̀ jù nínú ẹrù bàbá rẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú SL-7200 yẹn ni wọ́n rà. Irin gidi ni, wíwúwo rẹ̀ á sọ fún ọ pé wọn ò fi nǹkan kan ṣeré nínú rẹ̀. Àmọ́ wákàtí kan péré ló lè gbà sílẹ̀. Sinimá wo ló ń parí ní wákàtí kan? Bọ́ọ̀lù wo? Ẹni tó bá fẹ́ gba sinimá sílẹ̀, àfi kó dúró ti ẹ̀rọ kó lè pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì nígbà tí eré bá dé ibi tó dùn jù. Bí kò bá sí nílé, ìdajì ló máa bá nígbà tó bá dé.

Kí ló fà á tó fi jẹ́ wákàtí kan? Wá wo inú rẹ̀ pẹ̀lú mi. Ìlù irin kékeré kan wà láàárín ẹ̀rọ fídíò tó ń yí kíkankíkan, dírọ́ọ̀mù là ń pè é. Hẹ́ẹ̀dì méjì ló wà lára rẹ̀, àwọn ló ń kọ àwòrán sára téèpù ní ìlà tóóró tó dagun. Bí kásẹ́ẹ̀tì bá wọlé, ẹ̀rọ á fa téèpù jáde, á sì fi wé ìlù náà. Nínú Beta, bí èèyàn bá wò ó látòkè, ọ̀nà tí téèpù gbà yípo jọ lẹ́tà beta ti àwọn Gíríìkì. Nínú VHS, òpó kéékèèké méjì ló ń ti téèpù síwájú tó fi dà bíi lẹ́tà M. Mo fẹ́ràn ti Beta. Téèpù rẹ̀ kì í kúrò lára ìlù lẹ́yìn tó bá ti wé e tán, torí náà bí o bá ní kó sáré lọ síwájú tàbí kó padà sẹ́yìn, kíá ló ń dá ọ lóhùn. Ti VHS nígbà náà á kọ́kọ́ kó téèpù padà sínú kásẹ́ẹ̀tì kó tó sáré. Etí mi ṣì mọ ìyàtọ̀ ìró wọn.

Ìlù Beta fẹ̀ ní mìlímítà 74.5, ti VHS jẹ́ 62. Iye ìgbà tí àwọn méjèèjì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan ò yàtọ̀, nítorí náà hẹ́ẹ̀dì Beta ń yára kọjá lórí téèpù ju ti VHS lọ, àwòrán sì ń rí àyè tó pọ̀ láti jókòó. Téèpù fúnra rẹ̀ sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti VHS ń rin 3.3. Ibi tí òkìkí “àwòrán Beta mọ́ jù” ti wá nìyẹn, òótọ́ sì ni, pẹ̀lú wákàtí kan yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo èèyàn ń yìn, téèpù tó wà nínú K-60 ò ju nǹkan bíi mítà 150 lọ. Nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS tí wọ́n ń pè ní T-120, ó tó nǹkan bíi mítà 245.

Àwọn tó ṣe VHS ní ilé-iṣẹ́ JVC ní Jàpáànì, Yuma Shiraishi àti Shizuo Takano, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1971. Ìbéèrè tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ni ẹni tó jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ń fẹ́. Lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé ó gbọ́dọ̀ gba wákàtí méjì, ó kéré tán. Ohun náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi lélẹ̀, ìyókù wá ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí ẹ̀rọ wọn, HR-3300, jáde ní 1976, ọdún kan gbáko lẹ́yìn Betamax, ó gba wákàtí méjì látọjọ́ tó dé ọjà.

Sinimá Alẹ́, ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í ṣe pé Sony ò fún ẹnikẹ́ni ṣe. Toshiba ṣe Beta. Sanyo ṣe é. NEC ṣe é. Zenith tà á ní Amẹ́ríkà. Kódà kí Betamax tó dé ọjà ni Sony ti gbé e lọ han Matsushita àti JVC. Àmọ́ nígbà tó fi máa gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti ṣe é parí, ohun tó sì fẹ́ ni pé kí wọ́n gbà á bó ṣe rí. JVC ní tirẹ̀ ń pe àwọn ẹlòmíràn mọ́ra pé kí wọ́n wá jọ ṣe é. Matsushita lọ sọ́dọ̀ VHS, Hitachi, Sharp, Mitsubishi àti Akai náà gba ibẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Matsushita, tí gbogbo wa mọ̀ sí Panasonic, lè ṣe ẹ̀rọ tó pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ nígbà yẹn.

RCA, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta tẹlifíṣàn, ló wá dá gbogbo rẹ̀ rú. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sá, lè kọjá wákàtí mẹ́ta. RCA ní àwọn ò ní ta ẹ̀rọ tí kò lè gba eré kan tán. Matsushita dín ìrìn téèpù kù sí ìdajì, wákàtí méjì di mẹ́rin. Lọ́dún 1977 ni RCA gbé e jáde ní nǹkan bíi dọ́là 1,000, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 1,300 ni SL-7200 fi wọ ọjà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé èyí tó dára jù ló kú, ẹ dúró níbí yìí. Lọ́dún 1977 kan náà, Sony dín ìrìn téèpù tirẹ̀ náà kù sí ìdajì, láti sẹ̀ǹtímítà 4 sí 2, kó lè rí wákàtí méjì. Beta II ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà ni Beta III dé, tó tún lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ téèpù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí èyí tó gùn lè wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kékeré náà, bí L-750 ṣe jáde nìyẹn, tí L-830 tún tẹ̀ lé e. Wákàtí pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n fi ń yangàn ni wọ́n fi ra wákàtí yẹn. Mo ti so Beta II àti VHS mọ́ tẹlifíṣàn kan náà lórí tábìlì iṣẹ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, tí mo pe oníbàárà kó wá sọ èwo lèwo. Wọn kì í mọ̀ ọ́n. Èmi náà gbọ́dọ̀ sún mọ́ gíláàsì kí n tó rí i, mo sì mọ ibi tí mo máa wò. Beta tó dára ju VHS lọ lójú gbogbo èèyàn, Beta I ni, ìyẹn ti àkọ́kọ́ tó ń rin sẹ̀ǹtímítà 4, Beta I sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e kò fi gbà sílẹ̀ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, ọmọ mi, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ Beta I. Nínú irú ẹ̀ ni òkìkí yẹn ti jáde.

Ìyókù rọrùn láti sọ. Lọ́dún 1977 náà ni oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Andre Blay gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fíìmù Twentieth Century-Fox láti ta fíìmù wọn 50 lórí kásẹ́ẹ̀tì. Ó tà á ní Beta, ó tà á ní VHS. Àmọ́ nígbà tí àwọn tó ń yá èèyàn ní fíìmù pọ̀ sí i, tí wọ́n sì rí i pé VHS ni ọ̀pọ̀ tó ń wọlé ní nílé, VHS ni wọ́n ń kó sórí selifu. Ẹni tó bá wá fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun á wo selifu yẹn kó tó yàn.

Ohun tó ṣì máa ń dùn mí ni ti ilé ẹjọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù Universal àti Disney pe Sony lẹ́jọ́ ní 1976 pé ẹ̀rọ tó ń gba ètò tẹlifíṣàn sílẹ̀ ń jí iṣẹ́ àwọn. Sony dúró, ó ja ẹjọ́ náà fún ọdún tó lé ní méje. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1984, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn gba ètò sílẹ̀ nílé rẹ̀ láti wò ó nígbà mìíràn. Gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ fídíò, tó fi mọ́ VHS, ló jẹ àǹfààní ìdájọ́ yẹn. Oṣù yẹn kan náà ni Sony fi ọjọ́ mẹ́rin gba àyè nínú ìwé ìròyìn ní Jàpáànì, tó fi béèrè gàdàgbà bóyá Betamax máa pòórá, kó tó dá ara rẹ̀ lóhùn lọ́jọ́ kẹrin pé yóò túbọ̀ máa dùn ni. Ọdún yẹn náà ló ṣe Beta tó pọ̀ jù, mílíọ̀nù 2.3. Kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Èmi rí i níbi iṣẹ́ mi. Láti nǹkan bíi 1985 lọ sókè, ẹ̀rọ Beta ń pọ̀ sí i lórí selifu mi, èyí tí mo ti tún ṣe parí. Mo ti nu hẹ́ẹ̀dì wọn, mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì wọn, àwòrán wọn ń mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn tó ni wọ́n ni ò padà wá gbé wọn. Bí mo bá ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á ní àwọn ti ra VHS. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó san owó iṣẹ́ mi, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Mo tọ́jú mẹ́fà nínú wọn di ìgbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́dún 1988 ni Sony fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe VHS. Síbẹ̀ kò dá Beta dúró. Ní 2001, ẹ̀rọ bíi 2,800 péré ló ṣe, ní 2002 ló kéde pé ó tó, lẹ́yìn tó ti ṣe ju mílíọ̀nù 18 lọ. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò kúrò lọ́jà títí di oṣù Kẹta 2016. Nítorí náà ẹni tó sọ fún ọ pé Betamax ti kú tipẹ́, kò mọ bí ó ti pẹ́ tó kó tó kú.

Sọ fún mi bóyá òórùn ń jáde nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, àti bóyá nǹkan funfun wà lára téèpù. Gbé e sún mọ́ iná, wo ojú ihò oníke rẹ̀. A máa wá ṣe ti ohùn bàbá rẹ.

Ìyá Kámẹ́rà kọ:

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ la ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo ní nǹkan kan láti fi kún un, torí ó lè ṣe ọmọ yìí ní jàǹbá.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn ni mo ti ṣiṣẹ́, nídìí kámẹ́rà. Lọ́dọ̀ tiwa, Beta ò kú nígbà tó kú nílé àwọn èèyàn. Lọ́dún 1982 ni Sony gbé Betacam jáde fún àwọn oníròyìn, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kékeré ò sì yàtọ̀ ní títóbi sí ti Betamax. Betacam SP tẹ̀ lé e ní 1986, òun la sì fi ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ń sọ pé “Beta” ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn, Betacam ló ń sọ. Àmọ́ nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Téèpù rẹ̀ ń sáré bí ìlọ́po mẹ́fà ti Beta II, ó sì ń kọ ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ sí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé òun ní ẹ̀rọ Beta láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan, tó sì fẹ́ ki kásẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ bọ̀ ọ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kó ṣe é. Ó máa wọ ibẹ̀ wẹ́kú, kò sì ní rí nǹkan kan kà lára rẹ̀.

Mo bá ẹ kẹ́dùn bàbá, ọmọ mi.

Àkọ́bí Olùkọ́ kọ:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá wa, mo dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n Sinimá Alẹ́, ẹ ṣeun.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyá mi. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá ti sọ̀rọ̀ nípa pípààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n pariwo. Wọ́n ní bàbá mi máa ń bọ́ aago ọwọ́ wọn sórí ẹ̀rọ náà, tí wọ́n á sì ti ya ike ara kásẹ́ẹ̀tì kejì sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú ọgọ́ta tó pé. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àpérò yẹn, ìyá mi ló ṣe é, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n.

Mo gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sún mọ́ iná. Mẹ́sàn-án mọ́. Méjì, ẹ̀yà òwú funfun wà létí téèpù wọn, Ìròyìn ni méjèèjì. Ti àpérò mọ́. Wọn ò rùn.

Bàbá Atúnfídíòṣe kọ:

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Méjì tó ní nǹkan funfun, kó wọn sínú ọ̀rá lọ́tọ̀, kí wọ́n má bàa kó ran àwọn tó kù. Má jẹ́ kí wọ́n wọ ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú ti àpérò láé.

Gbọ́ ohun tí o máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bá ọ ṣe é. Béèrè bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ lè ka Beta I, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ Beta ló lè kà á. Béèrè bóyá ti Amẹ́ríkà ni, ìyẹn ìlànà tẹlifíṣàn tí wọ́n ń pè ní NTSC, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà á. Béèrè ìgbà tó pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ kẹ́yìn. Bẹ́líìtì tó ti pẹ́ máa ń yọ́ bí ọ̀dà, ẹ̀rọ á sì dúró lójijì nígbà tí téèpù ṣì wé mọ́ ìlù, bí téèpù ṣe ń rún nìyẹn.

Èyí tó kù, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n. Irin fẹ́lẹ́ kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí téèpù Betamax, bíi ti inú páálí sìgá. Òun ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé téèpù ti tán. Gọ́ọ̀mù tó so ó mọ́ téèpù máa ń gbẹ bó bá ti tó ọdún mélòó kan. Bó bá já, ẹ̀rọ ò ní mọ̀gbà tó yẹ kó dúró, á sì fa téèpù já kúrò lára róòlù. Kí ẹni náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó fi ọwọ́ yí i, kó má fi ẹ̀rọ sáré rẹ̀. Kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sínú kọ̀ǹpútà látìgbà àkọ́kọ́ tó bá tan, má jẹ́ kó sọ pé òun fẹ́ dán an wò ná. Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn lè jẹ́ ìgbà kan ṣoṣo tí téèpù náà máa yọ̀ǹda.

Mo ní ẹnì kan tí mo kọ́ níṣẹ́, tí mo gbé méjì nínú mẹ́fà yẹn fún. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lábẹ́lẹ̀.

Àkọ́bí Olùkọ́ kọ:

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Bàbá, mo ti délé láti ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín.

Ó ṣe gbogbo ohun tí ẹ wí. Irin fẹ́lẹ́ náà ti já ní ìbẹ̀rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ padà lábẹ́ iná kékeré kan, ó fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ṣe é, kò sì jẹ́ kí n mí sí i lórí. Lẹ́yìn náà ó tan án. Ìlà funfun gba ojú tẹlifíṣàn kọjá lẹ́ẹ̀mejì, àwòrán sì dúró. Mi ò mọ̀ pé ó lè mọ́ tó báyẹn. Èèyàn márùn-ún ló jókòó sídìí tábìlì, bàbá mi ni ìkẹta láti apá òsì, wọ́n ní irun, wọ́n wọ kóòtù tí ìyá mi ní àwọn yá lọ́wọ́ aládùúgbò.

Wọ́n sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́rin. Ohùn wọn ga ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó yára. Ìgbà kẹta, olóòtú béèrè bóyá wọ́n máa padà sílé tí wọ́n bá kàwé tán, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹrin, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé tábìlì, wọ́n ní, “Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa sọ fún wọn ni pé…” Téèpù sì tán. Ìṣẹ́jú ọgọ́ta ti pé.

Ìyá mi bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, pé àwọn ki òmíràn bọ̀ ọ́, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Wọn ò rántí pé wọ́n kọ nǹkan kan sí èkejì.

Bàbá, mo ti wo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. K-60 ni èyí tí kò ní orúkọ yẹn. Ọmọ iṣẹ́ yín ti yẹ irin fẹ́lẹ́ rẹ̀ wò, ó ní ó ṣì dì mú níbẹ̀rẹ̀ àti nípàrí. Lọ́jọ́ Ẹtì la máa tan án. Ìyá mi ní àwọn máa bá mi lọ.